Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Jókòó Lẹ́yìn Káńtà Nílùú Èkó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àbúrò mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ariwo èrò, ẹ kú ooru. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kí yín lójúmọ́ kò pọ̀, torí náà ni mo ṣe fẹ́ kí yín dáadáa kí n tó la ẹnu sí ohun tó gbé mi dé ibí. Gbogbo yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó ní báńkì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ káàdì fún aláìsàn ní ọsibítù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lu òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwa tá a ti fẹ̀yìn tì.

Èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí. Láti ọdún 1983 títí di 2014, ẹ̀yìn káńtà ọ́fíìsì ìjọba kan ní Erékùṣù Èkó ni mo ti jẹun. Mo mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ro èèyàn lórí àga tí kò ní tìmùtìmù. Mo mọ bó ṣe ń rí kí ìtọ̀ máa gbọ̀n èèyàn kó má sì lè dìde, torí pé bó bá dìde pẹ́rẹ́, àwọn tó wà lórí ìlà á pariwo pé ó ti tún fẹ́ lọ jẹun. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí láti kúrò nílé nígbà tí àkùkọ ò tíì kọ, kéèyàn jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá, kó sì dé ibi iṣẹ́ kó bá ọgọ́ta èèyàn tó ti ń bínú dè é.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà lórí ìlà ní ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sílé mi ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tà. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló wà níwájú mi, ìyá náà á ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún dáadáa. Láílọ́ọ̀nù dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká a mọ́ àwọn ìwé rẹ̀, ó wá fi rọ́bà pupa dè é. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú rọ́bà náà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fẹ́ kí ìwé ti wà ní sẹpẹ́ kóun má bàa fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò. Ó sọ fún mi pé Ìkòròdú lòun ti wá, aago márùn-ún ìdájí lòun ti jáde nílé.

Ó dé iwájú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ò dáhùn. Fóònù ló ń wò. Ìyá tún kí i. Ọmọ náà ò gbé ojú sókè tó fi ní, "Mama, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

"Ìgbà wo ni yóò dé, ọmọ mi?"

"Ṣé èmi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni? Ẹ padà wá ní Túsìdeè."

Ìyá dúró díẹ̀. Ó to àwọn ìwé náà pọ̀ lórí káńtà, ó dá wọn padà sínú láílọ́ọ̀nù, ó wá rọ́bà rẹ̀ tì, rọ́bà ti bọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mú un fún un. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì kúrò létí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ó kọjú sí ọmọ náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Ẹ ṣeun. Mà. Sí ọmọ tó ṣeé ṣe kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jù lọ. Ìyá tó yẹ kí wọ́n kúnlẹ̀ kí ló wá ń fi "ẹ" bá ọmọdé sọ̀rọ̀, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé náà ni òǹtẹ̀ wà. Nígbà tó kàn mí, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi mọ́. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo lọ sílé. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi, mi ò lè jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí ọmọ yẹn ṣe. Kò bú ìyá. Mama ló pè é. "Ẹ" ló fi bá a sọ̀rọ̀: ẹ padà wá. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé iwájú ọ̀gá rẹ̀, á ní kí lòun ṣe? Òótọ́ ló sì sọ, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Síbẹ̀, gbogbo àwa tá a wà lórí ìlà la mọ̀ pé wọ́n ti fi ìwọ̀sí lọ ìyá oníyàá. Níbo gan-an ni ìwọ̀sí náà wà?

Ojú rẹ̀ ni. Kò wò ó.

Àwọn baba wa ti rí èyí tipẹ́. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ìwà náà. Wọ́n pè é ní àfojúdi: ojú ni wọ́n fi ń di èèyàn kí ẹnu tó dá sí i. Wọ́n pè é ní àrífín: ó rí ọ o, ṣùgbọ́n o kò tó nǹkan nínú rírí tó rí ọ. Wọ́n ní ó fojú tín-ín-rín èèyàn, ó fojú tẹ́ńbẹ́lú èèyàn, ó fojú pa èèyàn rẹ́. Kò sí ẹnu nínú gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lónìí, tá a bá ní à ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ẹnu là ń kọ́: sọ pé "ẹ jọ̀ọ́", sọ pé "ẹ ṣeun", má sọ pé "ìwọ" fún àgbà. Ọmọ á kọ́ gbogbo rẹ̀ tán, á mọ̀ ọ́n sọ. Á dàgbà, á rí iṣẹ́, á jókòó sẹ́yìn káńtà, á sì máa fi "ẹ" àti "Mama" rí èèyàn fín láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹnì kan lè ní, "Bàbá, ṣebí Yorùbá kan náà ló ní kí ọmọdé má ranjú mọ́ àgbà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bá wí, tó wá ń wo bàbá lójú kòrókòró, àfojúdi ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ ojú sílẹ̀ ti kọ́kọ́ rí ẹ ná. Torí pé ó rí ẹ ló ṣe rẹ ojú sílẹ̀. Ẹni tó tẹjú mọ́ fóònù ò tíì rí ẹnikẹ́ni.

Irú ìyàtọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yín, mo sì fẹ́ kí àwa èrò náà gbọ́ ọ, torí kì í ṣe gbogbo ohun tó bí wa nínú ló jẹ́ àrífín. Òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún akọ̀wé, ihò tó wà lára gíláàsì kéré, ló bá fi ọwọ́ òsì na ìwé jáde. Nílé wa, a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Mo ti rí bàbá kan tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní gba ìwé òun lọ́wọ́ òsì, tó dá gbogbo ìlà dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Iṣẹ́ ló fa ìyẹn, kì í ṣe àfojúdi, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá wọn. Akọ̀wé tó bá rántí sọ pé, "Ẹ má bínú sí ọwọ́ òsì o, sà," ti paná ìjà kó tó ràn. Bákan náà, ọmọ Ègùn, ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa, ọmọ Ìjọ́, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Akọ̀wé tí kò kúnlẹ̀ kí ọ lè jẹ́ ẹni tí wọn kì í kúnlẹ̀ nílé tiwọn. Kò túmọ̀ sí pé wọn ò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù níbẹ̀ tiẹ̀ ni ti àwa Yorùbá fúnra wa. Akọ̀wé á bá ìyá Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ jókòó mà." Bàbá Hausa tó wà lẹ́yìn ìyá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí òwú, ohun tó máa gbọ́ ni, "Àbókí, kí lo fẹ́?" Ọ̀rẹ́ ni àbókí lédè wọn, ọ̀rọ̀ tó dára ni, àwa la sọ ọ́ di èébú pẹ̀lú ohùn tá a fi ń pè é. Bàbá yẹn náà ní àwọn ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ ọkàn fún un nílé rẹ̀.

Kí ló ń sọ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ dà báyìí? Àwa èèyàn a máa tètè sọ pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tó ṣe ìyá Ìkòròdú bẹ́ẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó délé lálẹ́ kó kúnlẹ̀ kí ìyá tirẹ̀, kó gba ẹrù lórí ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé. Káńtà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, torí pé ó sọ èmi náà dà bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé ètò WAI (War Against Indiscipline) dé, ní oṣù Kẹta ọdún 1984. Ogun ni wọ́n ní àwọn gbé ti ìwà àìníjàánu, orí ìlà títò ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti lójú lára nígbà náà á rántí ṣọ́jà tó mú kòbókò dání ní ibùdókọ̀, àti akọ̀wé ìjọba tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Èkó tò bí ọmọ iléèwé. Èrò tó dé iwájú káńtà wa ò lè gbin, àwa tá a jókòó síbẹ̀ wá rò pé àwa ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ìgbà yẹn ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí èèyàn láì wojú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba náà lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ìlà tú ká, ṣùgbọ́n ohùn tí mo ti kọ́ ò kúrò lọ́nà ọ̀fun mi. Kòbókò lè mú èèyàn tò. Mi ò tíì rí èyí tó kọ́ èèyàn bó ṣe máa wo ẹnìkejì rẹ̀.

Ọkùnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, bí ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn. Káfíńtà ni, mo rí ìyẹ̀fun pákó lára irun apá rẹ̀. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ti kọ ọjọ́ ìbí síbi tó yẹ kó kọ orúkọ sí. Mo taari rẹ̀ padà. Ó lọ, ó tún dé, ó tún kọ ọ́ sódì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pòṣé, mo ju fọ́ọ̀mù náà sí i, ó fò kọjá lára rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ṣé o ò lè kàwé ni?" Gbogbo ìlà gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó wá dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Mi ò lè kà á." Ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń kọ ló ń wò tó fi ń ya tirẹ̀. Mo bi í léèrè kí n lè dójú tì í, òun fi òótọ́ dá mi lóhùn.

Kò padà wá mọ́. Mo fi ọ̀pọ̀ oṣù wá a lórí ìlà kí n lè bẹ̀ ẹ́, kí n sì fọwọ́ ara mi kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Mi ò lè dá a mọ̀ tó bá tiẹ̀ wá, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo wò lọ́jọ́ náà, mi ò wo ojú rẹ̀.

Ọ̀gá wa obìnrin kan, tí Ọlọ́run ti pè sọ́dọ̀, ló yọ mí nínú ìwà yẹn. Kò bá mi wí lójú èrò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n wá dúró ti òun kí n máa wò. Kó tó ṣí fèrèsé rẹ̀, ó jáde sí iwájú káńtà, ó wo ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Gbogbo wọn dáhùn, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Ó wọlé, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣe é. Tí fọ́ọ̀mù kan ò bá péye, á ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Tí ìwé kan bá ti tán, á ní ó ti tán, á sọ ọjọ́ tó máa dé, tí kò bá mọ ọjọ́ náà, á ní òun ò mọ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wo ìlà tirẹ̀ mọ́ tèmi. Tirẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá ju tèmi lọ. Àmọ́ mi ò gbọ́ ariwo kankan níbẹ̀, tó bá sì di alẹ́, orí á máa fọ́ mi, òun á máa rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí "ẹ kú ìdúró" yẹn ń ṣe. Kò sí ipò tí èèyàn wà tí èdè wa ò ní kíkí tirẹ̀. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó ń dirun, ojú gbooro o. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, ọkọ̀ á rèfó. Ẹni tí òjò pa, ẹni tí oòrùn pa, ẹni tó ń retí ọmọ, ẹni tó sin òkú, kálukú ló ní tirẹ̀. Ohun tí kíkí ń sọ ni pé mo rí ẹ, mo sì rí ohun tí ò ń bá yí. Ìyá tó ti wà lórí ìlà láti aago méje, tó bá gbọ́ "ẹ kú ìdúró", ó mọ̀ pé wọ́n ti ka ẹsẹ̀ tó ń ro òun sí nǹkan. Ó lè wá gbọ́ "kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì" lẹ́yìn ìyẹn kí ọkàn rẹ̀ má gbọgbẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Erékùṣù náà ẹ mọ bí Ẹ̀yọ̀, eégún aláṣọ funfun ti Èkó, ṣe máa ń kí èèyàn: "Mo yọ̀ fún ẹ, mo yọ̀ fún ara mi." Kékeré kọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Iyì tó fún ọ, òun náà pín nínú rẹ̀. Ọjọ́ ọdún Ẹ̀yọ̀ náà, tí wọ́n tún ń pè ní Adámú Òrìṣà, ni èmi ti rí ọlọ́lá ìlú tó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ ní Ìdúmọ̀tà tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí ọ̀dà, torí pé bàtà èèwọ̀ ni, gèlè èèwọ̀ ni, sìgá èèwọ̀ ni. Olówó àti tálákà, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wo irú ẹni tóun jẹ́.

Mo dárúkọ ìyẹn torí ẹ̀yin èrò. Ẹ̀yin kọ́ ni mo kọ lẹ́tà sí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ó kà á, ẹ ó sì máa mi orí pé mo ti bá yín sọ ọ́. Ẹ dúró ná. Gbólóhùn kan wà tí mi ò gbọ́ níbòmíràn tó bí mo ṣe ń gbọ́ ọ l'Ékòó: "Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?" Ọkùnrin alágbádá á wọlé, á kọjá lára ogójì èèyàn bí ìgbà tó ń kọjá lára òpó iná, á gbé ìwé rẹ̀ sórí káńtà. Tí akọ̀wé bá ní kó lọ tò, ó di "Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́? Mo lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí." Akọ̀wé ò lè fèsì, ó ní ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Á gbé e mì. Kó tó di aago méjìlá, ó ti gbé irú rẹ̀ mẹ́ta mì. Ìgbà náà ni ìyá Ìkòròdú á wá dé pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù rẹ̀, tí kò ní agbádá, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí alágbádá mẹ́ta kó sí akọ̀wé lọ́rùn, orí ìyá yẹn ló máa bọ́ sí.

Mi ò fi èyí dá ẹnikẹ́ni láre. Mò ń sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi, kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó jẹ yín ní gbèsè àtẹni tí kò jẹ yín. Nígbà tí inú bá ń bí mi lẹ́yìn tí mo ti yí padà, mo máa ń bi ara mi pé, "Ṣé ẹni tó wà níwájú mi yìí ló ṣẹ̀ mí?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ tí èsì rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n ń rán yín lọ́pọ̀ ìgbà, èmi mọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi òfin lélẹ̀ pé fọtokọ́pì gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta. Wọ́n kàn ní kẹ́ ẹ lọ sọ fún aráàlú ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa jẹ́ iṣẹ́ náà ló kù sí yín lọ́wọ́.

Mo rí ẹni tó jẹ́ ẹ bí ọmọ, ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún yín. Ẹ rántí ìgbà tí náírà di ọ̀wọ́n. Báńkì àpapọ̀ ní tó bá ti di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023, a ò ní ná igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ mọ́. Wọ́n sún un di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Tuntun ò kárí, àwọn èèyàn wá ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé ká máa ná ti àtijọ́ títí di òpin ọdún náà. Láàárín oṣù Kejì yẹn, mo wà níwájú báńkì kan lápá Mainland níbí láti ìdájí. A pọ̀ ju igba lọ. Àwọn kan ti ń mi géètì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, òṣìṣẹ́ báńkì náà, jáde wá. Ẹ̀rù ti ba èmi nítorí rẹ̀. Ó gun orí búlọ́ọ̀kù kan tó wà lẹ́bàá géètì, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ààyè ṣe gbà á lórí búlọ́ọ̀kù, ó ní, "Ẹ kú ìdájí o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní parọ́ fún yín. Owó tí wọ́n kó fún wa lónìí, tá a bá pín in kéré-kéré, kò lè kọjá ọgọ́rin èèyàn. Ẹ jẹ́ ká ka ara wa ní báyìí, kí ẹni tí kò ní í kàn má bàa dúró sínú oòrùn lásán." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wo ojú kálukú bó ṣe ń kà á. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ wà ní àádóje ó lé mẹ́rin. Ẹ má bínú sí mi."

Mi ò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́jọ́ náà. Tébi-tébi ni mo rìn padà sílé. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí ẹnì kan bú ọmọ yẹn, géètì tí wọ́n ń mì dákẹ́, àwa tá a lé ní ọgọ́rùn-ún tí kò kàn sì túká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá kan tiẹ̀ gbàdúrà fún un kó tó lọ. "Kò sí" náà ló sọ fún wa, bí ọmọ tó sọ fún ìyá Ìkòròdú. Àmọ́ ó sọ ọ́ ní kùtù, ó sọ iye tó wà, ó sì wò wá lójú.

Ẹ̀yin ọ̀gá wọn, ọ̀rọ̀ yín ò gùn lọ́dọ̀ mi. Ní ọdún 2004 tí ìjọba àpapọ̀ dá SERVICOM sílẹ̀ kí aráàlú lè rí ibi fi ẹjọ́ akọ̀wé tó bá ṣe ségesège sùn, wọ́n gbé pátákó rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa, inú mi dùn sí i. Pátákó dé, àga ò dé. Èèyàn méjì ló wà lẹ́yìn káńtà, ọ̀rìn-lé-lúgba èèyàn wà níwájú, fáànù kan ṣoṣo ló ń yí, kò sì sí ẹni tó máa gba ìjókòó lọ́wọ́ akọ̀wé kó lè lọ jẹun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín rójú wo aráàlú, ẹ fún un ní ìsinmi ìdajì wákàtí lọ́sàn-án, ẹ sì fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Nígbà tí alágbádá bá dé, ẹ jáde wá fúnra yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé kó lọ tò. Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá náà ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Aago márùn-ún ìdájí náà ló máa jáde nílé. Ó wọ búbá àdìrẹ tó ti ṣá díẹ̀ léjìká, láílọ́ọ̀nù dúdú ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, rọ́bà pupa ló fi dè é, ó sì máa tú u kó tó kàn án. Ó máa kọ́kọ́ kí yín. Àga kan ṣoṣo tó wà níwájú káńtà yẹn ti ń mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a wá òmíràn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá tíì dé, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kẹ́ ẹ pè é kó tó tún kúrò ní Ìkòròdú lẹ́ẹ̀kẹta.

Èmi ni,
Bàbá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà,
Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tà, Èkó.